Bí Mo Ṣe Rìn Lẹ́yìn Ìyàwó Mi Yí Adágún Orí Òkè Ká

Ẹ fà mọ́ra, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí ibi fi ìdí lé. Ògúnyọmí, ìwọ lọ jókòó sí òdìkejì, nítorí mi ò tíì gbàgbé itan ọ̀yà tí o gbé lọ́wọ́ mi ní ọdún tí eṣú jẹ oko wa. Mi ò ní kí o má gbọ́ ìtàn mi o, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ojú mi máa kọlu ojú rẹ.

Èmi Ọdẹ́rìndé ni mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta ní òwúrọ̀ kan, tí mo sì padà wálé wá jẹun ọ̀sán. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, nítorí tíṣà nà mí fún ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Tíṣà náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti hu ewú, síbẹ̀ mi ò kí wọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí mi ò kà tán lọ́dọ̀ tíṣà, inú igbó ni mo ti kà á tán. Bí mo bá wo ipa ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀, n ó sọ ohun tó jẹ lánàá fún yín, n ó sì sọ ẹni tó ń bá a ṣọ̀tá.

Ẹ ti gbọ́ àwọn ìrìn-àjò tí mo ti ru ẹran bọ̀. Tòní yàtọ̀. Nínú ìrìn-àjò tòní, mi ò pa eṣinṣin, síbẹ̀ òun ló dẹ́rù bà mí jù lọ, nítorí díẹ̀ báyìí ló kù kí n fi Àwẹ̀ró ìyàwó mi sílẹ̀ lórí òkè títí láé.

Ní ọdún náà, àìsàn dá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ iná ní àkókò òjò. Ní ọjọ́ tó dìde, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó sì mu ẹ̀kọ gbígbóná, inú mi dùn débi pé mo ń kí ewúrẹ́ àdúgbò. Mo ní, "Àwẹ̀ró, kí lo fẹ́? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ìgalà ni, sọ ọ́."

Ó ní, "Mi ò fẹ́ ẹ̀dọ̀. Baálé mi, ẹ mú mi lọ sí orí Òkè Agbómirù. Mo fẹ́ wo àwọn adágún ibẹ̀."

Òkè Agbómirù nìyẹn, òkè tó ru omi sórí bí obìnrin tó ń ti odò bọ̀. Adágún mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Èmi ti rí omi wọn láti òkèèrè nígbà tí mo bá ń lé ẹran, ṣùgbọ́n mi ò fi ìgbà kan dúró wò wọ́n.

Mo ní, "Kí la fẹ́ lọ pa níbẹ̀?"

"A ò lọ pa nǹkan kan."

"Kí la fẹ́ lọ já?"

"A ò lọ já nǹkan kan."

"Àbí ẹbí rẹ kan ló kú síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Ẹ̀ ń gbọ́? A fẹ́ lọ ṣeré ni. A ó rìn, a ó wo omi, a ó wo òkè, a ó padà wálé. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń jẹ ẹran òkè yẹn, mi ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí."

Mo fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ bóyá ibà náà tún ti padà dé. Ara rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi oṣù mẹ́ta wo ikú lójú, bí ó bá ní kí a bá òun ka ewé orí ìrókò, a ó gùn ún, a ó kà á. Mo gbé ìbọn mi, ó mú ọ̀pá rẹ̀, a ṣí ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí mọ òfin wa. Ọdẹ ní í ṣíwájú. Bí paramọ́lẹ̀ bá wà lọ́nà, ẹsẹ̀ ọdẹ ni kí ó kọ́kọ́ bá. Ọdẹ kì í sì í wẹ̀yìn, nítorí ọrùn tó yí padà kì í rí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Bí mo ṣe mú Àwẹ̀ró láti ilé àwọn òbí rẹ̀ wá nìyẹn, èmi níwájú, òun lẹ́yìn. Bí a ṣe ń lọ oko náà nìyẹn, bí a sì ṣe gun òkè nìyẹn. Ìfẹ́ ni mo pè é. Ìfẹ́ náà sì ni.

Mi ò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín dúró. A la igbó tí àwọn igi rẹ̀ ń hanrun lọ́sàn-án gangan kọjá, a la èyí tí òkúta rẹ̀ ń bú èèyàn kọjá (mo bú wọn padà, mo sì ṣẹ́gun), a dé bodè òkè. Iwin kan ló ń ṣọ́ ọ. Olójú-lórúnkún ni orúkọ rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún. Irun ló hù sí ibi tó yẹ kí ojú wà. Bí ó bá fẹ́ wò ọ́, a gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí àkùkọ. Bí ó bá sì kúnlẹ̀ kí àgbà, kò ríran mọ́.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wò mí. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó wo Àwẹ̀ró. "Kí lẹ wá ṣe?"

Àwẹ̀ró ní, "A wá ṣeré ni, bàbá."

"Irọ́! Ẹni tó wá pa ẹran a ní òun wá já ewé. Ẹni tó wá já ewé a ní òun wá wá ẹ̀gbọ́n òun. Láti ayé bàbá bàbá mi, ẹnìkan ò tíì ní òun wá ṣeré. Ta ló ń ru ìbọn ṣeré? Bí ẹ bá wá wòran lóòótọ́, ẹ já àlọ́ mi. Abọ́ kékeré kan báyìí, ó gba òkè, ó gba adágún, ó gba ojú ọ̀run tòun ti ìkúùkù rẹ̀, ṣùgbọ́n èérún gaàrí kan ṣoṣo kò gbà nínú rẹ̀. Kí ni o?"

Mo ní, "Àpò ọdẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà láti orúnkún rẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Àwẹ̀ró rọra ní, "Ojú ni."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó wà lórí ahọ́n mi, mo kàn fẹ́ kí aláìsàn gbayì ni.

Olójú-lórúnkún gba ìbọn mi, ó fi í kọ́ igi. Mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà létí adágún kẹta, Ìlú Rọra. Ẹ rántí òfin wọn: ẹni tó bá dá rìn dé etí omi wọn, tiwọn ni."

Mo ní, "Àwa méjì la jọ ń lọ. Kò kàn wá." Mo sì ṣíwájú.

Adágún kìíní sùn sí àárín àpáta bí ọmọ tó sùn sí itan ìyá rẹ̀. Mo wo etí omi, mo rí ipa ẹsẹ̀ èsúró kan. Akọ ni, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń dùn ún, ó sì ti kọjá kí ìrì tó gbẹ. Mo gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró lẹ́yìn.

"Baálé mi, ẹ wo èyí!"

"Mo ti rí i." Mi ò yí ọrùn.

"Kí lẹ rí?"

"Ohun tí o ní kí n wò."

Ó rẹ́rìn-ín. A ń lọ.

Ní etí adágún kejì, ìkúùkù bò wá mọ́lẹ̀ débi pé mi ò rí imú ara mi, ẹ sì mọ̀ pé imú mi kò kéré. Nínú ìkúùkù náà ni alákàn kan ti yọ, ó tó ilé oníyàrá mẹ́ta. Ó dí ọ̀nà, ó ń gé àpáta bí ẹni gé iṣu. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n ojú tìrẹ̀ ga ju igi ọ̀pẹ lọ.

"Ẹ padà!"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́rìndé kì í padà. Ìwọ tí ò ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ta ló fi ọ́ ṣe olórí ọ̀nà?"

"Ìwọ tí ò ń rìn tààrà, ṣé o ti rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Mo fò mọ́ ọn. Ó gbé mi, ó fi mí gbá ìkúùkù kiri. Mo já bọ́, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú, mo yí i bí ẹni yí kókó igi. Ó nà mí, mo nà án. A jà títí oòrùn fi kan àtàrí. Àwẹ̀ró ń pariwo lẹ́yìn, mo rò pé ó ń kì mí ni, mo bá tún fi kún agbára mi. Àṣé ohun tó ń wí ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀! Òkúta ló há a lẹ́sẹ̀! Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀!"

Nígbà tí mi ò gbọ́, ó fi ọ̀pá rẹ̀ yí òkúta náà kúrò fúnra rẹ̀. Alákàn mí kanlẹ̀, ìkúùkù sì tú ká, àṣé èémí ìrora rẹ̀ ni ìkúùkù náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi. "Ìyá, ọdún méje ni àwọn ọdẹ ti ń bá mi jà níbí. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ mi."

Ó gbé wa sórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé wa kọjá omi. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń jẹ alákàn, tìbínú tìbínú ni mo fi ń jẹ ẹ́.

Nítorí ìjà yìí, orí mi wú, ẹsẹ̀ mi sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ń rìn, mo ń kì ara mi, títí mo fi dé Ìlú Rọra. Gbogbo ilé ibẹ̀ kọjú sí omi, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń ṣe ni pé kí wọ́n máa rìn gbẹ̀fẹ́ létí adágún. Ẹni tó bá pẹ́ jù lọ́nà ni wọ́n ń bọlá fún. Ọba wọn, Ìyá Jẹ́jẹ́, ti jáde láti wá jẹun òwúrọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kò tíì dé ìdí abọ́.

Ó rí mi, ó ní, "Káàbọ̀, ọkùnrin. Ìwọ nìkan?"

"Èmi àti ìyàwó mi ni."

"Ó dà?"

Mo yí ọrùn, ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà. Ọ̀nà ṣófo. Lọ́nà jíjìn réré, mo rí Àwẹ̀ró tó jókòó lórí òkúta, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó kéré bí ìlẹ̀kẹ̀ kan tó já bọ́ lọ́rùn ọmọ.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ní, "Obìnrin yẹn bá ọ rìn, ìwọ ò bá a rìn. Ó dá rìn wá. Tiwa ni."

Mo ta sókè. "Ìyàwó mi ni! Ọdún méjìdínlógójì!"

"Mi ò ní kì í ṣe ìyàwó rẹ. Mo ní o ò bá a rìn. Bí o bá bá a rìn, sọ ohun kan tó rí lónìí."

"Ó rí ẹsẹ̀ alákàn tí òkúta há."

"Ìyẹn, ó pariwo rẹ̀ sí ọ létí. Kí ló pè ọ́ wò ní adágún kìíní?"

Mo ní, "Èsúró. Akọ. Ó ń tiro."

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn pàápàá kì í yára, ọ̀kan ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, ojú sì tì mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n lọ mú Àwẹ̀ró wá, wọ́n bi í léèrè ohun tó mọ̀ nípa tèmi.

Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ nítorí ìbọn. Òwú dúdú ni mo fi lẹ àbùlẹ̀ ẹ̀yìn gbérí ọdẹ rẹ̀, nítorí òwú funfun tán. Àpá kan wà ní ìpàkọ́ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò rí rí. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà á, a húkọ́ díẹ̀. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó fò mọ́ alákàn."

Ògúnyọmí, pa ẹnu rẹ dé. Ìkúùkù ló kó sí mi lọ́fun.

Ìyá Jẹ́jẹ́ mi orí. "Obìnrin yìí mọ̀ ọ́. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Ó dára, ìyípo kan ni mo fún ọ. Wàá rìn lẹ́yìn rẹ̀ yí adágún yìí ká. O ò gbọdọ̀ ṣíwájú rẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ ní kí ó yára. Bí o bá rí ohun kan tí àwa ò rí, mú u lọ sílé. Bí o ò bá rí i, dágbére fún un."

Mo ti bá ẹkùn sun inú ihò kan náà. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta dúró lórí igi tí ejò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí èyí tó le tó kí ọdẹ máa rìn lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ń yún mi. Gbogbo koríko tó mì níwájú Àwẹ̀ró, paramọ́lẹ̀ ni lójú mi. Mo gé ètè mi jẹ, mo ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tó yá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í là. Omi náà dúdú bí aró láàárín, ó sì mọ́ gaara létí. Òṣíbàtà tẹ́ ewé sójú omi bí àwo tí a fẹ́ bu oúnjẹ sí, òdòdó rẹ̀ funfun, inú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin. Òkè dojú bolẹ̀ sínú omi. Lékeléke kan ń fò lókè, òmíràn ń fò nínú adágún, wọ́n jọ ń lu ìyẹ́ pọ̀. Mo ti rí òṣíbàtà nígbà ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n ibi tí ẹran ń sá pamọ́ sí ni mo máa ń pè é.

Àwẹ̀ró rin ogún ìṣísẹ̀, ó dúró. "Ẹ wo òdòdó yìí." Mo wò ó. Ó tún rin ogún, ó dúró. "Ẹ wo ẹyẹ yẹn." Mo wò ó. Lẹ́yìn náà mo wo ilẹ̀, nítorí ojú ọdẹ kì í pẹ́ kúrò nílẹ̀. Mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí yanrìn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka ipa ẹsẹ̀ gbogbo ẹran igbó. Mi ò ka ti ìyàwó mi rí, nítorí ẹ̀yìn mi ló máa ń wà. Ẹsẹ̀ òsì jìn, gbogbo ara ló gbé lé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀, orí ìka nìkan ló hàn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì tẹ̀ lé e níbi tó ti ń wọ́ ọ. Ní gbogbo ibi tó ti dúró wo òdòdó, ojú ihò ọ̀pá rẹ̀ jìn bí ìgbà tí a ri èèkàn.

Ẹran tó bá ń rìn báyìí, ọdẹ kì í sáré lé e. Ọdẹ a wá ibi jókòó, a máa dúró dè é, nítorí ó mọ̀ pé kò ní lọ jìnnà.

Mo jókòó sórí yanrìn.

"Baálé mi, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Máa lọ. Rọra."

Nígbà tí a yípo tán, Ìyá Jẹ́jẹ́ ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Mo rí òṣíbàtà, mo rí lékeléke. Ìyẹn, ẹ̀yin náà rí i. Ohun tí ẹ ò rí ni pé àìsàn ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ìyàwó mi. Kì í ṣe òdòdó nìkan ló ń dá a dúró. Ó ń sinmi ni. Láti ilé ló ti ń fi ìrora tẹ̀ lé mi, mo sì ń sáré níwájú rẹ̀."

Àwẹ̀ró yíjú sí mi. "Ta ní kí ẹ wo ẹsẹ̀ mi? Bí mo bá sọ fún yín nílé, ṣé ẹ ó mú mi wá?"

"Mi ò ní mú ọ wá."

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ!"

Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ sókè. Kí ọwọ́ náà tó dé òkè, a ti dákẹ́ tipẹ́. Ó ní, "Ọkùnrin, o rí ohun tí àwa ò rí. Mú u lọ bí ó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́, ìyá. Omi yìí ń wo ẹsẹ̀ sàn. Bí o bá bá wa gbé, kí ọdún tó yí, wàá máa fò bí èsúró. Agbára rẹ̀ ò sọ̀ kalẹ̀ kọjá bodè o, ẹni tó bá sì bá wa gbé kì í padà sílé mọ́."

Ẹ mọ̀ mí, alágídí ni mí, ohun tó bá jẹ́ tèmi, mi ò jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ìlà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fà lórí yanrìn kò kúrò níwájú mi. Mo ní, "Àwẹ̀ró, dúró tì wọ́n. N ó máa gun òkè wá wò ọ́ ní ọrọọrún. N ó gbé aṣọ rẹ wá. N ó gbé olọ rẹ wá." Nígbà tí mo dé orí olọ, ohùn mi já.

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó sì ń fi oríkì mi pè mí. "Olọ! Kí ni n ó fi olọ ṣe láàárín àwọn tí ata ò ní dé ẹnu wọn títí ọ̀tunla? Àjàgbé mi, mi ò wá ẹsẹ̀ wá síbí. Ẹsẹ̀ tí mo ní náà ló gbé mi dé. Mo ní kí ẹ mú mi wá wòran, mo sì ti wò ó, inú mi dùn. Ilé ń pè mí. Ṣùgbọ́n mi ò tún wo ẹ̀yìn gbérí yẹn mọ́. Àbùlẹ̀ rẹ̀ ti sú mi."

Mo ní, "Apá wo lo fẹ́ kí n wà?"

"Apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ló ń dùn mí."

Ọ̀nà tí a fi ọjọ́ kan gùn, ọjọ́ mẹ́rin la fi sọ̀ ọ́. Nígbà tí a dé bodè, Olójú-lórúnkún ti sá aṣọ sórí ìbọn mi, èèrà sì ti kọ́lé sẹ́nu rẹ̀. Èyí náà wà lọ́kàn mi, mi ò tíì yanjú rẹ̀.

Ẹ̀ ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ náà sàn? Kò sàn. Ọ̀nà odò tí mo máa ń rìn kí itọ́ ẹnu mi tó gbẹ, ó ń gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ wa báyìí. Mo ti gbé abúlé yìí fún ọgọ́ta ọdún ó lé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé igi ọsàn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà.

Ẹ gbọ́ ìró ọ̀pá yẹn? Àwẹ̀ró ló ń jáde bọ̀. Ọ̀rọ̀ mi tán, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kí ó dúró dè mí di ọ̀la. Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò, ẹ gbé àpótí yín kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀nà yìí ò fẹ̀, èèyàn méjì ló sì fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.